N Kò Ní Tẹ̀ka Fún Ohùn Ìyá Rẹ

Ọmọ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń jókòó sínú ọ́fíìsì tútù yẹn. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ṣé orí tó máa ń fọ́ ọ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láti kékeré má ṣe gbé ojú kúrò lára rẹ nísinsìnyí tí o ti dàgbà. Ní tèmi, ara mi le, eyín mi ṣì pé lẹ́nu àfi èyí tó ti lọ kí a tó bí ọ, mo ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ bí oòrùn bá wà, àmọ́ inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí o mọ èyí kí o tó jókòó ka ìwé yìí, kí o má baà máa rẹ́rìn-ín bọ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, ní kí n máa sọ ọ́ kí òun máa kọ ọ́, mo sì sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ fún un, ó wojú mi, ó ní ṣé kò ní dáa kí á fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀rẹ̀ ná. Mo gba bírò mi lọ́wọ́ rẹ̀. Tí o bá rí ibi tí lẹ́tà ti wọ́, ìbínú ló wọ́ ọ, kì í ṣe àìmọ̀wé.

Ilé wà dáadáa. Páànù tó ń jò lókè yàrá rẹ, mo ti gun orí àga kàn án. Adìẹ funfun tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ ti pamọ, ó sì ń lé àwọn oníbàárà mi kiri bí ẹni pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú ni mo ti ń dáná fúnra mi, kò tíì sí ẹni tó jẹ ẹ́ tó yìn mí, àmọ́ mò ń jẹ ẹ́. Télọ̀ obìnrin tó kọjú sí wa ti ra maṣín-ìnì tuntun, ó sì ti gbé ògbólógbòó rẹ̀ wá kí n bá òun wá nǹkan ṣe sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló ń dúró de àtúnṣe lójúde mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ ń lọ. Jọ̀wọ́, tún ibẹ̀ kà. Iṣẹ́ ń lọ.

Ìdí tí mo fi ní kí o tún un kà nìyí. Ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì, èyí tí ẹ jọ lọ sí ilé ìwé, tó ń gbé tíì fún àwọn olówó àánú tí ọ́fíìsì yín ń gbà lálejò nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní ìlú tí o wà yẹn, wá kí ìyá rẹ̀. Kò tíì sọ àpò kalẹ̀ tó fi sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun rí mi. Mo ní níbo. Ó ní lára ògiri. Ó ní wọ́n pa gbogbo iná, ẹ̀rọ kan wá ń tan ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, ni mo bá yọ, mo ga ju ilẹ̀kùn lọ, ìwọ ọmọ mi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, o ń nà án sí mi ní imú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé mo kí àwọn èèyàn. Ó ní rárá, pé ńṣe ni mo kàn jókòó. Ojú tì mí, ọmọ mi. Àgbàlagbà tó tóbi tó báyẹn wọ àárín àlejò, kò ní ẹ ǹlẹ́, kò ní ẹ kú ìjókòó. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Sọ fún wọn pé n kò rí wọn ni, ẹ̀yin lẹ pa iná. Mo sì bi Tíṣà léèrè irú nǹkan gidi wo ló wà tí a kò lè rí àfi bí a bá kọ́kọ́ pa iná.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà sọ ohun tí ẹ kọ sábẹ́ mi. Ó ní ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé, Bàbá arúgbó tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ń dúró de ìrànlọ́wọ́.

Èmi! Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì gbọ́, ó sì dá ẹsẹ̀ maṣín-ìnì rẹ̀ dúró kó lè gbọ́ ìyókù.

Mo rántí ọjọ́ tí o ya fọ́tò yẹn. Ìwọ náà rántí, bí o kò bá fẹ́ tan ara rẹ jẹ. Tíúbù kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń ta epo ló wà lórí orúnkún mi. Mo ti fi sáńpépà ha á, mo ti fi gọ́ọ̀mù pa á, mo wá ń dúró kí gọ́ọ̀mù náà gbẹ. Ìwọ tí o dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ta ni kò kọ́ ọ pé a kì í lẹ rọ́bà mọ́ gọ́ọ̀mù tútù? Bí o bá lẹ̀ ẹ́ ní tútù, yóò ṣí kí oníkẹ̀kẹ́ tó dé oríta, yóò sì padà wá bú ìyá ẹni. Èèyàn á jókòó jẹ́ẹ́ ni, á gbé ọwọ́ sókè kí ó má baà kan nǹkan, á máa wo ọ̀nà. Ìjókòó yẹn gan-an ni iṣẹ́. Àwọn tó ń kánjú níbẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Gọ́ọ̀mù ni mò ń dúró dè, kì í ṣe ìrànlọ́wọ́.

Mo wá ní kí ọmọ oníbúrẹ́dì sọ fún mi, tíúbù ń kọ́, ṣé àwọn àlejò kò rí tíúbù lórí orúnkún mi ni? Ó ní kò sí orúnkún. Ó ní àyà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé mi sí méjì! Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ẹ gé dànù, ẹ wá gbé ibi tí ojú ti hunjọ lọ fi han aráyé. Bí mo bá gé kẹ̀kẹ́ oníbàárà sí méjì, tí mo gbé ọwọ́ rẹ̀ nìkan lé e lọ́wọ́, ṣé kò ní fi ọlọ́pàá mú mi?

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìwọ náà mọ télọ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọkùnrin apárí kan tó ń gbé nísàlẹ̀ títì ti mú ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù wá fún mi, ó ní òun gbọ́ pé nǹkan kò rọgbọ. Mo ní kó mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, àmọ́ kó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, torí mo ti ń gbọ́ igbe bíréèkì rẹ̀ láti ìkángun títì. Mo tún bíréèkì ṣe, mo sì gba owó mi pé. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ha ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ra fún gbogbo ohun tó ní ojú. Fóònù tí o rà fún mi, mo ti gbé e sínú agolo, mo dé e, bí ó bá dún ni mo máa ń ṣí i, mo sì máa ń kọ́kọ́ dé fìlà. Nígbà tí mo lọ sí báǹkì, mo rí kámẹ́rà kan ní kọ̀rọ̀ òkè, ó ń wò mí. Mo bi ọmọbìnrin tó wà nídìí kántà pé fọ́tò tí ìyẹn ń yà, ta ni wọ́n ń fi hàn, kí sì ni wọ́n máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní wọn kò ní kọ nǹkan kan. Mo ní gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé, Bàbá yìí níṣẹ́ lọ́wọ́, owó ara rẹ̀ ló wá gbà. Èrò ti pọ̀ lẹ́yìn mi, sẹkúríítì wá ń bẹ̀ mí, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún. N kò sún. Ọmọbìnrin yẹn kọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ó sì fi hàn mí. Báyìí, bí mo bá ń lọ síbi tí kámẹ́rà wà, mo máa ń mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ dání, mo sì máa ń gbé e sókè díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má ṣi nǹkan kan kọ.

Èyí ni mo ṣì ń bá jà lọ́wọ́ tí dírẹ́bà ọkọ̀ èrò tó ń ti ìlú yín bọ̀ fi gbé àpòòwé rẹ dé. Mo ka ìwé rẹ. O ní ọ̀gá rẹ bínú, ó ní kí ló dé tí ẹ fi ń lo ojú èèyàn àti ohùn èèyàn láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn, ó sì ní bí ìwé àṣẹ tí a tẹ̀ka sí kò bá dé kí àwọn àlejò tó padà wá, òun yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. O ní kí n ṣàánú rẹ. O ti fi pẹ́ńsù fa àgbélébùú síbi tí n ó fi àtàǹpàkò sí, o tilẹ̀ di tàdáwà sínú ọ̀rá fún mi. Bá mi kí ọ̀gá rẹ yẹn. Ó ní làákàyè, ìyá tó bí i bí i re. Àmọ́ ọmọ mi, ṣé ìgbà tí a ti jẹun tán la ń béèrè lọ́wọ́ olóko?

Mo ka fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú. Ó ní mo gbà kí ẹ lo ojú mi níbi gbogbo lágbàáyé, nígbàkígbà, títí láé. Títí láé? Èmi tí mo ni ojú náà, a kò fún mi ní títí láé. Ta ni mo wá jẹ́ tí n ó fi í fún yín?

Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni mo rí i pé fọ́ọ̀mù méjì ló wà nínú àpòòwé. Mo rò pé ẹ̀dà ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní báǹkì. Mo gbé ìkejì súnmọ́ ojú, mo rí orúkọ ìyá rẹ. O ní kí n bá a tẹ̀ka, nítorí ohùn.

Mo dìde, mo lọ pe ọmọ oníbúrẹ́dì kó tó padà sí ìlú yín. Mo ní ohùn wo? Ó kọ́kọ́ ń wolẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Mo ní kó sọ ọ́, n kò ní na ẹnikẹ́ni. Ó ní lẹ́yìn tí fọ́tò mi kúrò lára ògiri, ibẹ̀ ṣókùnkùn, ẹnìkan ń tẹ dùùrù jẹ́jẹ́, dùùrù òkú, ni ohùn ìyá rẹ bá jáde láti inú gbohùngbohùn, ó ní, Ẹ wá jẹun o, ó ti ń tutù. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀rọ̀ kan wá yọ lára ògiri pé, Oúnjẹ tí kò tó. Ó ní obìnrin kan tó jókòó níwájú ń fi aṣọ pélébé nu ojú, ó ní lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọmọ mi, mo jókòó sórí táyà.

Ìyá rẹ kò fi ebi pa ẹnì kan rí nínú ilé yìí. Oúnjẹ tó! Ó tó, ó ṣẹ́kù, àwọn oníbàárà tó bá bá a lórí iná jẹ nínú rẹ̀. O mọ ọjọ́ tí o gba ohùn yẹn sílẹ̀, ìsinmi tó o wá kẹ́yìn kí àìsàn tó dé ni. Ó pè wá, a kò dáhùn, ó tún pè wá, mo wá yọ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú gíríìsì nímú àti létí, n kò mọ̀. Bí ó ṣe sọ pé ó ti ń tutù tán báyìí ló wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. O rántí ẹ̀rín yẹn? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Adìẹ sá. Ìwọ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́. Ẹ̀rín ló kẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe kẹ́kẹ́. Ta ló gé e? Ta ló sọ pé kí wọ́n fi dùùrù òkú sábẹ́ obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín?

N kò ní purọ́ fún ọ, ohun tó ń dùn mí jù kò tíì jáde. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, èmi kò tíì gbọ́ ohùn yẹn. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣì wà níbì kan. Mo máa ń jókòó ní ìdí ààrò, mo máa ń gbìyànjú láti rántí bó ṣe ń pe orúkọ mi, ó máa ń fẹ́ wá, ó sì máa ń padà. Ṣé o wá mọ̀ pé o ní in nínú àpò rẹ? O ní in, o gbé e lọ fún àlejò tí kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n nu ojú, wọ́n mu tíì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi tí mo wà nílé, kí lo kó fún mi?

Ẹ̀rù tún ń bà mí. Nínú iṣẹ́ tèmi, kò sí ohun tí à ń lò tí kì í gbó. Táyà ń gbó, ṣéènì ń gbó, irin gan-an ń gbó. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti lo ohùn yẹn nínú gbọ̀ngàn? Èló ló kù nínú rẹ̀? Tíṣà ní ohùn tó wà nínú fóònù kì í gbó, àmọ́ Tíṣà yìí kan náà ló sọ pé kẹ̀kẹ́ òun kò nílò gíríìsì, mo sì gbé kẹ̀kẹ́ náà láti títì wálé fún un bí òkú ẹran. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, ẹ sinmi. Ẹ má lò ó mọ́.

Èyí ni ìpinnu mi, má sì ránṣẹ́ bẹ̀bẹ̀ sí mi. Ní ti ojú mi, èmi yóò tẹ̀ka, àmọ́ kì í ṣe sí fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ dá orúnkún mi padà. Ẹ fi tíúbù hàn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, Atúnkẹ̀kẹ́ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìjókòó àlejò kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ sí, bí ẹ bá tún fẹ́, ẹ tún wá béèrè, mo wà nílé. Bí ó bá jẹ́ òṣì lẹ fẹ́ fi han àlejò kí wọ́n lè ràn wá lọ́wọ́, ìyẹn kò burú, ẹ̀rọ omi tó wà ní oríta ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá, gbogbo wa la ń rìn lọ sódò. Wá ya ẹ̀rọ omi náà. Yà á ní ọ̀tún, yà á ní òsì, kọ ohun tó wù ọ́ sábẹ́ rẹ̀, òtítọ́ ni yóò jẹ́, kò sì ní bí ẹ̀rọ nínú.

Ní ti ohùn ìyá rẹ, rárá. Bí ọ̀gá rẹ bá gbé ọkọ̀ wá, rárá. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Olóhùn kò sí nílé tí a ó fi bi í, àtàǹpàkò tó sì wà lọ́wọ́ mi, tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Mo fẹ́ ẹ, n kò rà á. Mo ti dá fọ́ọ̀mù yẹn padà sínú àpòòwé pẹ̀lú tàdáwà rẹ, n kò tú ọ̀rá rẹ̀.

Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí èyí, yóò dùn mí, n kò ní sọ pé kò ní dùn mí. Ìwọ nìkan ni mo bí. Fi ìwé yìí han ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé èmi ni mo kọ̀, kì í ṣe ìwọ. Bí kò bá gbọ́, máa bọ̀ nílé. Ibùsùn wà, iṣẹ́ wà, kò sí ẹni tí yóò ya ọ́ ní fọ́tò bí o bá ń sunkún.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún gọ́ọ̀mù àti rọ́bà, wọ́n ti gbówó lé e. Fi rán dírẹ́bà, má fi gba báǹkì, torí n kò fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin yẹn. Kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ ni mò ń tọrọ o. Bàbá ni mo jẹ́, ẹ̀tọ́ mi ni, kí ẹnikẹ́ni má sì ya mí nígbà tí mo bá ń ná an.

Ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ. Ẹnu tí o fi ń sọ̀rọ̀ níwájú àlejò kò ní kọ́. Ohun tí o bá ń fi han ayé, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ ohun tí o lè fi hàn mí lójúmọmọ, láìpa iná. Ire tí ìyá rẹ tọrọ fún ọ kó tó lọ, kò ní fò ọ́ dá.

Ó ku ohun kan. Wá ẹ̀rín tí ẹ gé yẹn. Wo abẹ́ tábìlì, wo inú dúrọ́ọ̀, sọ fún ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì yín kó má tíì da pàǹtí nù. Bí o bá rí i, má fi rán dírẹ́bà, gbé e wá fúnra rẹ, kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sì ti jù ú nù, má purọ́ fún mi. Wá sọ ọ́ fún mi nílé níbí, kí èmi àtìrẹ jókòó sunkún rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.